Teraflops 12, teraflops 10: ibi tí agbára ẹ̀rọ géèmù wà gan-an

Ẹ̀rọ géèmù Xbox Series X ti Microsoft ní teraflops 12, PS5 (PlayStation 5) ti Sony ní 10. Teraflops kan ni ìṣirò tírílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 tí ẹ̀rọ méjèèjì ti jáde, nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́ ní àwọn ilé géèmù Ìlọrin, láti Tanke dé Gaa Akanbi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé PlayStation ló kún ibẹ̀, tí Xbox kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Ẹnì kan á fa fóònù yọ, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, méjìlá ju mẹ́wàá lọ." Ẹ̀gbọ́n á dákẹ́. Kò sì yẹ kó dákẹ́, torí nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ìwọ̀n agbára ẹ̀rọ. Iye iṣẹ́ tí ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ lè ṣe ni, bí gbogbo ohun èlò bá ti wà ní sẹpẹ́ níwájú rẹ̀, tí nǹkan kan kò sì dá a dúró rárá. Nínú géèmù gidi, ó ṣọ̀wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn bí Sony ṣe bẹ̀rẹ̀ PlayStation àti bí Microsoft ṣe wọ inú ọjà náà kò ní gba àkókò wa. Ohun tó ṣe kókó ni pé ìbátan tímọ́tímọ́ ni PS5 àti Series X. Ilé-iṣẹ́ AMD ti Amẹ́ríkà ló bá àwọn méjèèjì ṣe ọpọlọ wọn, irú kan náà sì ni ọpọlọ ọ̀hún. Mẹ́mórì gígábáìtì 16 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, ìpinnu àwọn tó ṣe wọ́n ló fà á: ibi tí oníkálukú yàn láti náwó sí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe rí nọ́ńbà náà. GPU ni ẹ̀yà tó ń ya àwòrán, ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ló sì pín sí. PS5 ní ìsọ̀rí 36, Series X ní 52. Nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, àwọn òǹṣirò kéékèèké 64 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè sọ nǹkan di púpọ̀ kó tún ro ó pọ̀, ìyẹn iṣẹ́ méjì, ní gbogbo ìgbà tí aago ẹ̀rọ bá lù lẹ́ẹ̀kan. Aago PS5 lè lù tó ìgbà bílíọ̀nù 2.23 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Series X ń lù ní ìgbà bílíọ̀nù 1.825. Ẹ mú fóònù yín, kí ẹ sọ 36 di púpọ̀ ní 64, ní 2, ní 2.23. Ẹ ó rí 10,276, ìyẹn ìṣirò bílíọ̀nù 10,276 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó jẹ́ teraflops 10.28. Ẹ ṣe ti Series X náà: 52, 64, 2, 1.825. Ẹ ó rí 12,147, ìyẹn teraflops 12.15. Ìṣirò náà parí síbẹ̀. Wọn kò gbé ẹ̀rọ kankan sórí òṣùwọ̀n, wọn kò sì fi ẹ̀rọ kankan ṣeré láti rí i.

Ẹni tó bá ti dúró nídìí òfì rí ní Ìlọrin á tètè rí ohun tí ìṣirò yẹn fò. Ẹ ronú nípa ilé ahunṣọ méjì. Ahunṣọ 52 ló wà nínú ọ̀kan, ọwọ́ wọn dúró jẹ́jẹ́. Mẹ́rìndínlógójì ló wà nínú èkejì, ọwọ́ wọn sì yá ju ti àwọn tọ̀hún lọ. Lórí ìwé, ilé àkọ́kọ́ ni yóò hun aṣọ jù. Àmọ́ ọ̀kọ̀ tí ahunṣọ ń jù kì í fò lásán, òwú ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ta ló ń ká òwú? Báwo ni ilẹ̀kùn yàrá òwú ṣe fẹ̀ tó? Bí òwú bá tán, ahunṣọ 52 á káwọ́ gbera gẹ́gẹ́ bí 36 ṣe máa káwọ́ gbera, àdánù ilé tó ní èèyàn púpọ̀ á sì pọ̀ jù. Pabanbarì rẹ̀ ni pé oníyàwó ti dá ọjọ́. Aṣọ tí kò bá parí lọ́jọ́ tó wá gbà á, kò wúlò fún un mọ́.

Nínú géèmù, ní gbogbo ìgbà ni oníyàwó ń dé. Bí géèmù bọ́ọ̀lù bá ń yọ àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdá 16.67 péré nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ẹ̀rọ ní láti fi ya àwòrán kọ̀ọ̀kan. Láàárín àkókò yẹn, ọpọlọ ẹ̀rọ ní láti mọ ibi tí agbábọ́ọ̀lù 22 wà, ibi tí bọ́ọ̀lù ń yí sí, ohun tí pádì méjèèjì sọ. GPU á wá ya koríko, awọ ẹsẹ̀, òjìji, àwọn òǹwòran. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pẹ́, àwòrán náà á pẹ́, ojú á sì rí i pé eré ń fà. Ahunṣọ 52 kò lè yanjú ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé òwú ni kò dé.

Mẹ́mórì ni agbọ̀n òwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahunṣọ. Ti PS5, gígábáìtì 448 ló lè kọjá láti inú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibikíbi tí nǹkan ọ̀hún ìbáà wà nínú gígábáìtì 16 náà. Ti Series X pín sí ọ̀nà méjì: gígábáìtì 10 yára gan-an, ó ń gbé 560, gígábáìtì 6 tó kù ń gbé 336. Ẹni tó ń kọ géèmù fún un gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò kó sí ibi tó yára àti ohun tí yóò kó sí ibi tó lọ́ra. Bó bá ṣe é dáadáa, Series X á ju PS5 lọ níbẹ̀. Bí kò bá fara balẹ̀, àǹfààní náà á bọ́ sọnù. Teraflops kò sọ ìkankan nínú èyí.

Kò tún sọ nǹkan kan nípa àwọn ẹ̀yà GPU mìíràn tí kì í ṣe òǹṣirò: èyí tó ń to igun mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n fi ń mọ ara agbábọ́ọ̀lù, èyí tó ń tọ́jú nǹkan sí tòsí. Aago kan náà ló ń darí gbogbo wọn. Aago PS5 fi nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún yára ju ti Series X lọ, nítorí náà àwọn ẹ̀yà wọ̀nyẹn ń sáré jù nínú PS5. Mark Cerny, ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ lórí PS4 àti PS5, ṣàlàyé èyí fáyé gbọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ ló rò nígbà náà pé àwáwí ló ń wá.

Ohun tí wọ́n tún fi ń bú PS5 ni pé aago rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Òótọ́ ni. Aago Series X kì í yí padà. Ti PS5 máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀: iye iná tí ẹ̀rọ lè jẹ ni wọ́n fi sí ojú kan, wọ́n sì jẹ́ kí aago máa tẹ̀ lé irú iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Kì í ṣe ooru yàrá ló ń darí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ooru yàrá ni, PS5 tó wà ní Ìlọrin nínú oṣù kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí páànù ń jó, ìbá máa lọ́ra ju èyí tó wà nílùú olótùútù lọ. Wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Géèmù kan náà, ibì kan náà nínú géèmù, iyara kan náà. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì wúlò fún wa ju fún àwọn tó ṣe é lọ. Àmọ́ ó di dandan kí ẹ̀rọ rí atẹ́gùn. PS5 tí wọ́n há mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí eruku ọyẹ́ ti di ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀, á gbóná títí yóò fi pa ara rẹ̀.

Ibi tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni SSD, ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú géèmù sí, ìyẹn yàrá òwú fúnra rẹ̀. Háàdì dísíkì ni PS4 ń lò, àwo tó ń yí, tí abẹ́rẹ́ kan ń sáré lórí rẹ̀ láti wá nǹkan. Ohun tó ń rí gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju mẹ́gábáìtì 50 sí 100 lọ. Nítorí pé abẹ́rẹ́ ń pẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ, àwọn tó ń kọ géèmù a máa kọ nǹkan kan náà sí ojú ibi púpọ̀ lórí àwo, kí ọ̀kan lè máa wà nítòsí nígbà gbogbo. Cerny sọ pé àwọn nǹkan kan wà nínú géèmù Spider-Man orí PS4 tí wọ́n kọ sórí dísíkì ní ìgbà 400. Ẹ rò ó wò: irinwó ẹ̀dà nǹkan kan náà, kí ìlú tí èèyàn ń fò kọjá lè yọ lásìkò. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró àti ẹ̀rọ agbéniròkè tó ń falẹ̀ nínú àwọn géèmù àtijọ́, torí háàdì dísíkì ni wọ́n ṣe fi wọ́n síbẹ̀. Wọ́n ń fi dá eléré dúró kí nǹkan tó kù lè wọlé tán.

SSD kò ní abẹ́rẹ́, kò ní àwo tó ń yí. Ti PS5 ń gbé gígábáìtì 5.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Series X ń gbé 2.4. Àwọn méjèèjì sì ní ẹ̀yà tó ń tú ohun tí wọ́n dì kí ó lè kéré, láìda ọpọlọ ẹ̀rọ láàmú. Bí wọ́n bá ka ìyẹn mọ́ ọn, ti PS5 á tó 8 sí 9, ti Series X á tó 4.8. Ẹni tó fẹ́ràn PS5 ti rí nọ́ńbà tirẹ̀ nìyẹn, á sì máa pariwo pé ìlọ́po méjì ni! Àṣìṣe kan náà ló ń ṣe. Gígábáìtì kan tó ń gba háàdì dísíkì ní ìṣẹ́jú àáyá 10 ó kéré tán, PS5 á gbé e ní 0.18, Series X á gbé e ní 0.42. Láti 10 dé 0.42, ìyípadà ńlá ni. Láti 0.42 dé 0.18, ó dára, àmọ́ agbára káká ni ẹni tó wà nídìí pádì á fi mọ̀ ọ́n. Àti pé géèmù tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí èyí tó lọ́ra. Àwọn géèmù tí Sony ṣe fún PS5 nìkan ni wọ́n ti lè lo àfikún yẹn tán.

Nígbà tí géèmù Assassin's Creed Valhalla jáde ní 2020, gbogbo ẹni tó gba nọ́ńbà 12 gbọ́ ló rò pé Series X á fi ọwọ́ rọ́ PS5 sẹ́yìn. PS5 ló di àwòrán 60 mú dáadáa jù. Ti Series X ń já wálẹ̀ lemọ́lemọ́, àwòrán rẹ̀ sì ń ya sí méjì lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà, ìyàtọ̀ sì dín kù. Nínú àwọn géèmù mìíràn, Series X ló ṣíwájú, pẹ̀lú àwòrán tó mọ́ díẹ̀ sí i.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ kò tiẹ̀ wà láàárín PS5 àti Series X. Inú ilé Microsoft fúnra rẹ̀ ló wà. Xbox One X jáde ní 2017 pẹ̀lú teraflops 6. Xbox Series S jáde ní 2020 pẹ̀lú 4. Bí nọ́ńbà bá ni agbára, a jẹ́ pé ẹ̀rọ tuntun rẹlẹ̀ sí ti àtijọ́. Àmọ́ ọpọlọ Series S ju ti One X lọ fíìfíì, ó ní SSD, òǹṣirò inú GPU rẹ̀ sì jẹ́ irú tuntun tí kì í fi iṣẹ́ ṣòfò bíi ti àtijọ́. Teraflops ìran kan kì í ṣe ojúgbà teraflops ìran kejì.

Síbẹ̀, Series S ní ibi tó ti ń jìyà, kì í sì í ṣe teraflops rẹ̀ nìkan ló fà á. Gígábáìtì 10 péré ni mẹ́mórì rẹ̀. Ní 2023, géèmù Baldur's Gate 3 jáde fún PS5 ní oṣù kẹsàn-án, ó sì di oṣù kejìlá kí Xbox tó rí i, torí pé Series S kò lè gbé eré ẹlẹ́ni méjì lórí tẹlifíṣọ̀n kan. Nígbà tó wá jáde, Series S kò ní eré ẹlẹ́ni méjì yẹn rárá. Fún ìlú tí èèyàn méjì máa ń jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n kan, tí àwọn mẹ́ta mìíràn ń dúró de ẹni tí yóò pàdánù, irú àléébù bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a máa béèrè kí a tó béèrè teraflops.

Ahunṣọ tó pọ̀ tí òwú wọn kò délé náà ti ṣẹlẹ̀ sí Sony rí. PS3 ti 2006 ní ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní Cell, nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìwé ga gan-an. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ ní agbọ̀n tiwọn, kílóbáìtì 256 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń kọ géèmù ló sì gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu òwú sínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan lásìkò. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí i ṣe. Ọ̀pọ̀ géèmù tó jáde fún PS3 àti Xbox 360 ló dára jù lórí Xbox 360, tí nọ́ńbà tirẹ̀ kéré. Nígbà tí PS4 dé ní 2013, Sony ti pa ọ̀nà yẹn tì pátápátá.

Agbára tún wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ géèmù. Géèmù bọ́ọ̀lù FIFA 22 ní ọgbọ́n ìrìn tuntun fún agbábọ́ọ̀lù lórí PS5 àti Series X àti S. Kọ̀ǹpútà tó lágbára ju gbogbo wọn lọ kò rí i gbà lọ́dún yẹn, ẹ̀dà ìran àtijọ́ ni wọ́n fún un. Nintendo Switch, tó jáde ní 2017, fi ọdún púpọ̀ gba FIFA tí aṣọ ẹgbẹ́ àti orúkọ agbábọ́ọ̀lù nìkan yí padà nínú rẹ̀, kó tó di pé FC 24, tó rọ́pò FIFA, mú ètò tuntun wá fún un. Switch yẹn náà sì ti tà ju mílíọ̀nù 150 lọ.

Bí àwòrán bá wá jáde nínú ẹ̀rọ tán, tẹlifíṣọ̀n ló kù. Àwòrán 4K ní ojú-àmì 8,294,400, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Ti 1080p ní 2,073,600, ìdá mẹ́rin rẹ̀ gan-an. Orí kíkún àwọn ojú-àmì yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú teraflops ń lọ. Ẹni tó bá so Series X mọ́ tẹlifíṣọ̀n tókunbọ̀ ínǹṣì 32 tí kò ní 4K kò ní rí ibi tí méjìlá ti yàtọ̀ sí mẹ́wàá. Ohun tí yóò rí ni ìdádúró: ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n máa ń kọ́kọ́ tún àwòrán ṣe kí wọ́n tó gbé e jáde, pádì á sì dà bí èyí tó ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ pádì ni wọ́n ti fi ẹ̀sùn kàn báyìí láìṣẹ̀. Ẹ wọ inú sẹ́tíńgì tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tan Game Mode. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó ku iná. PS5 tó kọ́kọ́ jáde ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 200 bí géèmù bá wúwo. Series S kò tó 100. Switch kò tó 20. Bátìrì ínfátà olómi kan tó jẹ́ fóòltì 12, 100Ah, ní wáàtì-wákàtí 1,200 lórí ìwé, kò sì yẹ ká fà á ju ìdajì lọ kó má bàa tètè kú. Ó ku 600. PS5 pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n wáàtì 60 á jẹ ẹ́ tán ní wákàtí méjì lé díẹ̀. Series S tó ń jẹ bíi 80, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n kan náà, á lò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Switch ní bátìrì nínú: bí wọ́n bá mú iná lójijì, eré ń lọ. Bí wọ́n bá mú iná lórí PS4, nígbà tó bá tún tàn, á kọ́kọ́ sọ pé wọn kò pa òun bó ṣe yẹ, á sì máa yẹ háàdì dísíkì rẹ̀ wò kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣeré. Bí iná bá já lásìkò tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ohun tó ń kọ lè bàjẹ́. UPS kékeré kan, bátìrì tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ bí wọ́n bá mú iná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ṣe pàtàkì ní ilé géèmù ju teraflops méjì lọ.

Àti dísíìkì. PS5 tó ní ojú dísíìkì ń lo dísíìkì PS4, èyí tó kún ọjà àlòkù. Èèyàn lè rà á, kó fi ṣeré tán, kó tún tà á, tàbí kó yá aládùúgbò. Series X tó ní ojú dísíìkì ń lo dísíìkì Xbox One, ó sì tún ń lo ọ̀pọ̀ nínú ti Xbox 360. Series S kò ní ojú dísíìkì rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni PS5 ẹ̀dà Digital tó kọ́kọ́ jáde. Gbogbo géèmù orí wọn, íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń wọlé, àwọn ńlá inú wọn sì máa ń tó gígábáìtì 50 sí 100. Ẹni tó ń gbé Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, tó rí i pé Series S kò wọ́n púpọ̀, tó jẹ iná díẹ̀, tó sì fẹ́ rà á, kó kọ́kọ́ ṣírò iye tí dátà gígábáìtì 100 jẹ́ lórí síìmù rẹ̀, kó sọ ọ́ di púpọ̀ ní iye géèmù tó wù ú láti ní, kó fi kún owó ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni kó tó béèrè èwo ló wọ́n jù.